Ọmọ Tí Póíǹtì Lé Kúrò Lórí Báà

Ìyá ọmọ náà kò bínú nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ti fọ aṣọ ìdíje ọmọ rẹ̀, ó ká a sínú ọ̀rá, ó sì gbé e lé orí tábìlì kékeré tí mo máa ń jókòó tì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánrawò. Ó ní, "Ẹ gbà á. Bóyá á bá ọmọ mìíràn mu." Mo bi í bóyá ọmọ ṣèṣe ni. Ó ní rárá, ara ọmọ le koko. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá gan-an ló kọ́kọ́ fò láti báà ìsàlẹ̀, ọ̀kan nínú ọ̀pá méjì tí wọ́n ń rọ̀ mọ́ ṣeré, lọ dì mọ́ báà òkè láìjẹ́ pé kóòṣì gbá a mú, pé títí ilẹ̀ fi ṣú ló ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ó wá dákẹ́. Ó ní, "Owó ni."

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ òbí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ iye tí obìnrin náà jẹ sínú ìwé, èmi náà ni mo fi ìránnilétí ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe débẹ̀ sílẹ̀, ohun tí a rí nígbà tí a yẹ ìwé ara wa wò, àti ohun tí a yí padà. Àwọn òbí bíi tèmi ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àwọn tí ọmọ wọn fẹ́ràn jimináásíìkì, eré ìtàkìtì tí wọ́n ń fi díje, tí wọ́n sì ń ronú lóṣooṣù pé báwo ni àwọn ṣe máa rí i san. Amẹ́ríkà ni a wà, òfin ibẹ̀ sì ni mo máa tọ́ka sí.

Ọ̀pọ̀ òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rò pé owó oṣù tí àwọn ń san fún ilé ìdánrawò ni gbogbo rẹ̀. Owó oṣù yẹn wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó nídìí. Eré yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè ju bọ́ọ̀lù kan sí àárín ogún ọmọ kí wọ́n máa gbá a. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tàkìtì lórí rẹ̀ jẹ́ mítà 12 níbùú lóròó, sípíríìnì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bíìmù gùn ní mítà 5, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ó sì fi sẹ̀ǹtímítà 125 ga sílẹ̀. Ọmọ tí yóò bá tàkìtì lórí irú igi tóóró bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ kọ́ ọ lórí èyí tó wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà lórí èyí tó ga díẹ̀, pẹ̀lú fóòmù tó nípọn lábẹ́ rẹ̀ àti àgbàlagbà kan tó na ọwọ́ sí i. Àwọn ohun èlò wọ̀nyí ń fẹ́ ilé ńlá, ilé ńlá ń fẹ́ rẹ́ǹtì ńlá, ìnṣọ́ránsì tún wà lórí rẹ̀. Ọmọ tó bá sì ti gòkè lè lo ogún wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Mi ò bá ẹni tó ni ilé ìdánrawò wa jà lórí owó oṣù rí, mi ò sì rò pé mo máa bá a jà.

Àwọn owó tó ń tẹ̀lé e ló ń já òbí láyà, nítorí wọn kì í wá lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó ń ṣírò wọn pọ̀ fún ọ. Owó ìforúkọsílẹ̀ ọmọ lọ́dọ̀ USA Gymnastics, àjọ tó ń darí eré yìí ní Amẹ́ríkà. Owó ìwọlé sí ìdíje kọ̀ọ̀kan. Awọ tí wọ́n ń dè mọ́ àtẹ́lẹ̀wọ́ kí báà má baà bó o. Láti ìpele kìíní dé ìkarùn-ún, eré kan náà ni gbogbo ọmọ ń ṣe, orin kan náà ni wọ́n sì ń lò, èyí kò ná òbí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ìpele kẹfà, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní eré tirẹ̀ àti orin tirẹ̀, ẹnì kan ló sì máa to eré náà fún un, ẹni náà kò ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Aṣọ ìdíje tún ń bẹ. Òkúta wínníwínní tó ń dán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn ni ó ń gbé owó rẹ̀ gòkè. Bí òkúta bá ṣe pọ̀ tó ni owó ṣe ń pọ̀ tó. Adájọ́ kankan kò fún ọmọ ní máàkì nítorí òkúta rí. Síbẹ̀ ọdọọdún ni ẹgbẹ́ wa ń ra aṣọ tuntun, pẹ̀lú òkúta tó ju ti èṣí lọ, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í sì í dúró lójú kan. Kí ìgbà ìdíje tó parí, aṣọ ti ń fún un ní èjìká.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo gba iṣẹ́ akápò ni owó ìrìnàjò kóòṣì. Bí a bá lọ díje níbi tó jìnnà, ọkọ̀ òfurufú kóòṣì, òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti owó iṣẹ́ ọjọ́ tó lò níbẹ̀, àwọn ọmọ tó lọ ni a ń pín in fún. Bí ọmọ méjìlá bá lọ, ó fúyẹ́ díẹ̀. Bí mẹ́rin bá lọ, owó kan náà ni mẹ́rin máa gbé. Ẹ wò ó dáadáa: ìdílé tó bá ní agbára òun kò ká a, ìpín tirẹ̀ kò bọ́ sílẹ̀, orí àwọn tó kù ló bọ́ sí. Òmíràn á wá wo bíìlì tuntun náà, òun náà á ní kò ṣeé ṣe. Mo rí i nínú ìwé bí ẹrù ìdíje kan ṣe ń wúwo sí i lójú ọ̀nà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kọ́bọ̀ kan kún un. Ọmọ tó kúrò ń mú kí ó ṣòro fún ọmọ tó kù láti dúró.

Láti dín ẹrù yìí kù ni a ṣe dá ẹgbẹ́ òbí sílẹ̀. A ń ta àbẹ́là, a ń ta ìyẹ̀fun bisikíìtì tí wọ́n ti pò sílẹ̀, a ń ta káàdì ìrajà: òbí yóò ra káàdì náà ní iye tó wà lára rẹ̀, ilé ìtajà yóò sì fún ẹgbẹ́ ní ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀. Èrè tí òbí kọ̀ọ̀kan bá mú wá, a ń sọ ọ́ di póíǹtì, a ó sì yọ póíǹtì náà kúrò nínú owó ìdíje ọmọ tirẹ̀. Ẹni tó ta púpọ̀, ọmọ rẹ̀ ń san díẹ̀. Ẹni tí kò tà, ọmọ rẹ̀ ń san gbogbo rẹ̀ pé.

Mo gba ètò yìí gbọ́. Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ní ìpàdé pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ni kó jẹ, pé kò yẹ kí ẹnì kan máa dúró lóòrùn kí ẹlòmíràn jókòó sábẹ́ ibòji kí wọ́n sì jọ pín èrè ọgbọọgba. Kò sí ẹni tó jiyàn. Ó dún bí òdodo.

Nígbà tí obìnrin yẹn lọ tán, mo ṣí ìwé póíǹtì, mo wo ojú ìwé tirẹ̀, mo sì fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá ọmọ kan tó wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ni bàbá náà wà. Ìwé ọjà kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ níbi tí àwọn ènìyàn ń gbà wọlé, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ó ti kún. Nínú káàdì ìrajà, ojúlé rẹ̀ nìkan ń rà tó ti ìdílé mẹ́ta, torí pé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ra káàdì oṣù kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa díje lọ́fẹ̀ẹ́. Èèyàn dáadáa ni, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Obìnrin náà ń tọ́jú àwọn arúgbó, òru ló sì ń ṣe é. Ta ni ó fẹ́ tà fún? Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ òru, ọmọ tiwọn náà ń mú ìwé ọjà wálé láti iléèwé. Káàdì ìrajà kò ràn án lọ́wọ́, nítorí ẹni tó ń ná owó bó ṣe ń wọlé kò rí èyí tó máa kó sínú káàdì. Àbẹ́là mẹ́rin ló tà láàárín ìgbà ìdíje kan, mo sì mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló ra méjì níbẹ̀. Òun kan náà ló máa ń dúró lẹ́yìn ìdánrawò lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kó tó lọ síbi iṣẹ́, láti bá kóòṣì to fóòmù padà kí ó sì gbá ẹfun tí àwọn ọmọ ń fi pa ọwọ́, tó dà sílẹ̀ lábẹ́ báà. Ẹfun yẹn máa ń wọ inú gbogbo nǹkan, ìmú ènìyàn á gbẹ. Ìwé póíǹtì wa kò ní ojú ìwé fún ìyẹn.

Bí mo ṣe jókòó síwájú ojú ìwé méjèèjì nìyẹn, tí mo sì rí i pé ohun tí a ń pè ní èrè iṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ni ó ń wọ̀n. Ẹni tí ènìyàn mọ̀ àti owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ń wọ̀n. Ẹni tí owó eré yìí rọrùn fún tẹ́lẹ̀ ni a ń bá dín in kù, a sì ń pè é ní ìrànlọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn tún la ojú mi sí ibòmíràn. Òbí kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ló gbà láti yẹ ìwé ọdún náà wò fún wa. Ó ka ojú ìwé díẹ̀, ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní, "Akápò, ẹ jọ̀ọ́, owó ta ni èyí?" Mo ní owó ẹgbẹ́ ni. Ó ní rárá, bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, owó olúkúlùkù òbí ni, ẹgbẹ́ kàn ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. Ó wá sọ ìtàn ẹjọ́ kan fún mi tí mo rò pé gbogbo akápò ẹgbẹ́ òbí ní orílẹ̀-èdè yìí yẹ kó mọ̀.

Ní ọdún 2013, Kóòtù Owó-orí ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Capital Gymnastics Booster Club. Ẹgbẹ́ òbí ni wọ́n ní ìpínlẹ̀ Virginia, ọmọ wọn ń ṣe jimináásíìkì bíi tiwa, wọ́n sì ní àṣẹ abala 501(c)(3) bíi tiwa, èyí tó sọ ẹgbẹ́ di ẹgbẹ́ afẹ́nifẹ́re tí kì í san owó-orí, tí ẹni tó bá sì ta á lọ́rẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú owó-orí tirẹ̀. Ọ̀nà póíǹtì ni wọ́n ń gbà. Òbí tó kówó jọ ń rí i kí gbèsè ọmọ rẹ̀ dín kù, ẹni tí kò kó jọ ń san gbogbo tirẹ̀, ìdá tó pọ̀ jù nínú èrè ló sì ń gba ọ̀nà yìí padà sọ́wọ́ àwọn tó kó o jọ. IRS, àjọ tó ń gba owó-orí fún ìjọba àpapọ̀, gba àṣẹ náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pe IRS lẹ́jọ́, kóòtù sì dúró ti IRS. Ohun tí òfin wí kò ṣòro láti lóye: èrè irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ àpò àwọn tó wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ fún àǹfààní àwọn kan pàtó dípò gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà tí owó wọn ń gbà kò yàtọ̀ sí òbí tó ta ọjà tirẹ̀, tó fi èrè rẹ̀ san gbèsè tirẹ̀, tí kò sì san owó-orí lórí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá gbọ́ ẹjọ́ yìí máa ń rò pé ìjọba le mọ́ àwọn òbí tó ń làágùn fún ọmọ wọn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n mo tún wo ojú ìwé méjì yẹn, mo sì rí i pé ohun kan náà ni kóòtù àti obìnrin yẹn ń sọ fún mi. Wọ́n fún wa ní àṣẹ ẹgbẹ́ afẹ́nifẹ́re kí gbogbo ọmọ lè jàǹfààní, àwọn ọmọ tí kò ní sì ni ètò wa kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìpàdé tí a ṣe lórí rẹ̀ gba wákàtí mẹ́ta ó lé. Mi ò ní bo ohunkóhun níbẹ̀. Bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dìde, ó ní, "Ṣé èmi ni kí n máa ta ọjà fún ọmọ ẹlòmíràn ni?" Ó sọ ọ́ láìbínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè. Ìyá kan ní bí póíǹtì bá kásẹ̀ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tà mọ́. Òmíràn ní ọmọ òun wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe póíǹtì, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n.

Mi ò gbìyànjú láti fi òfin dẹ́rù bà wọ́n. Ìwé owó ìrìnàjò kóòṣì ni mo gbé jáde. Mo fi ìdíje kan hàn wọ́n tí ọmọ mọ́kànlá fẹ́ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tó jẹ́ pé ọmọ mẹ́fà ló padà lọ, mo sì ka iye tó bọ́ sí orí àwọn mẹ́fà náà ju èyí tí ì bá kàn wọ́n. Ọmọ bàbá yẹn wà nínú wọn. Mo sọ fún un pé póíǹtì tó kó jọ ní gbogbo oṣù méjì ni ìdíje yẹn gbé mì, torí pé ọmọ márùn-ún kò lè lọ. Ó béèrè ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà, ó sì jókòó.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe kò ní í ṣe pẹ̀lú kíkó owó jọ rárá. A ní kí a kọ́kọ́ ná díẹ̀. Àwa òbí máa ń sáré lọ ta nǹkan, bí ẹni pé bíìlì náà ti ọ̀run wá, láìbéèrè ẹni tó kọ ọ́.

A bá ẹni tó ni ilé ìdánrawò jókòó, a ka ìdíje ọdún náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdíje méje ló wà níbẹ̀, méjì nínú wọn jẹ́ ibi tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ, ìlú ìgbafẹ́ ni méjèèjì. A bi í pé kí ni ọmọ ìpele kẹrin ń lọ wá níbẹ̀. Ó sọ òtítọ́: àwọn òbí kan fẹ́ràn rẹ̀ bí ìsinmi ìdílé, òun sì rò pé gbogbo wa la fẹ́ ẹ. Máàkì tí ọmọ fi ń wọ ìdíje ìpínlẹ̀, ibi tó ti gbà á kò já mọ́ nǹkan, níwọ̀n ìgbà tí USA Gymnastics bá ti fọwọ́ sí ìdíje náà. Ìwé ìdájọ́ kan náà ni adájọ́ ń lò nítòsí àti lókèèrè. A dín ìdíje kù sí márùn-ún fún àwọn ọmọ ìpele ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ibi tí mọ́tò lè lọ kó sì bọ̀. Kóòṣì náà wọ mọ́tò.

Aṣọ ìdíje di ọdún mẹ́ta mẹ́ta, kò sì ní òkúta ju ìlà kan lọ ní àyà. Nítorí pé aṣọ kan náà ni a ń lò fún ọdún mẹ́ta, èyí tó bá ti kéré fún ọmọ kan lè bọ́ sí ọmọ mìíràn lára, ohun tí kò ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn. A so ọ̀pá kan mọ́ ògiri lẹ́yìn tábìlì mi, ibẹ̀ ni a ń gbé wọn kọ́. Aṣọ tí obìnrin yẹn fi sílẹ̀ nínú ọ̀rá ni ìwọ̀n tí a mú lọ bá aránṣọ, ìran tirẹ̀ náà ni a ní kí wọ́n máa rán. Ní ti eré orí ilẹ̀, a bẹ kóòṣì kí ó jẹ́ kí ọmọ máa lo ètò kan fún ọdún méjì, kí ó kàn máa pààrọ̀ òkìtì inú rẹ̀ bí ọmọ náà bá ṣe ń mọ̀ sí i.

Ohun kan tún wà tó kéré lójú, tó sì jẹ́ pé òun ni àwọn òbí dúpẹ́ lórí rẹ̀ jù. Tẹ́lẹ̀, bíìlì ìdíje, ti aṣọ àti ti ìforúkọsílẹ̀ máa ń já lé wọn lórí nínú oṣù kan náà kí ìgbà ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. A ṣírò gbogbo owó ọdún pọ̀ sójú ìwé kan, títí dé owó awọ ọwọ́, a fún òbí kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ sí i pé ọmọ òun máa díje, a sì pín in sí oṣù mẹ́wàá. Owó náà kò dín. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀ lè múra dè é, ẹni tí kò mọ̀ ni bíìlì ń gbé ṣubú.

Ìgbà yẹn ni a tó wá sórí kíkó owó jọ. A fi àbẹ́là sílẹ̀. A gba ìdíje kan sí gbọ̀ngàn tiwa. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ló ń san owó ìwọlé, ẹgbẹ́ tó gbà wọ́n lálejò á san owó adájọ́, á ra àmì ẹ̀yẹ, èyí tó bá ṣẹ́ kù jẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré. Gbogbo òbí ló ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká níbẹ̀: ẹnì kan ń darí mọ́tò, ẹnì kan ń kọ máàkì, ẹnì kan ń gbá ẹfun. Èrè rẹ̀ wọ inú àpò kan ṣoṣo, àpò náà sì ń san owó ìrìnàjò kóòṣì fún gbogbo ọmọ lọ́gbọọgba. Kò sí orúkọ òbí kankan lára owó náà. Mo bi bàbá tó wà ní ilé iṣẹ́ ńlá bóyá ó lè bá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi orúkọ wọn sára pátákó máàkì, kí wọ́n sì ta wá lọ́rẹ. Ó ṣe é. Iye tí wọ́n fún wa lẹ́ẹ̀kan yẹn ju èrè àbẹ́là gbogbo wa lọ.

Nínú àpò náà la ti yọ ìpín kan sọ́tọ̀ fún ìdílé tí agbára wọn kò ká a. A jà lórí bí a ṣe máa pín in ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ohun tí a fẹnu kò lé ni pé ìwé ìbéèrè náà kò ní ju ojú kan lọ. Ènìyàn méjì péré ló ń kà á, ọmọ àwọn méjèèjì kò sì sí nínú ẹgbẹ́ ìdíje mọ́. Ẹni tó gbà kò ní tà, kò ní gbálẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ nítorí pé ó gbà. Kóòṣì kò gbọ́dọ̀ mọ̀, kí ojú tó fi ń wo ọmọ kankan má baà yí padà. Èmi tí mo jẹ́ akápò, iye ni mo ń rí, mi ò rí orúkọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kò mú mi lára dá ní ìbẹ̀rẹ̀. Nísinsin yìí, òun ni mo máa kọ́kọ́ gbèjà bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí ètò náà padà.

Ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Òbí púpọ̀ ń fara da owó tó kọjá agbára wọn nítorí wọ́n gbà pé yunifásítì máa san án padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di nǹkan bí ọdún 2025 tí wọ́n yí òfin náà padà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 12 ni yunifásítì kan ní ìpín kìíní NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, lè fún ẹgbẹ́ jimináásíìkì obìnrin rẹ̀. Ti ọkùnrin jẹ́ 6.3, tí wọ́n ń gé sí wẹ́wẹ́ fún ọmọ púpọ̀. Méjìlá yẹn jẹ́ fún àwọn ọmọ ọdún kìíní títí dé ìkẹrin lápapọ̀ ni o, kì í ṣe méjìlá tuntun lọ́dọọdún. Ẹ má fi owó ilé dúró de èyí. Ètò ìdíje mìíràn tí USA Gymnastics ń pè ní Xcel sì wà, níbi tí wákàtí ìdánrawò ti máa ń kéré, tí ọmọ ń díje pẹ̀lú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí ìrìnàjò kò sì pọ̀. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá gbọ́ tí òbí ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n lé ọmọ òun sẹ́yìn. Ọmọ mi obìnrin wà níbẹ̀ báyìí. Kò tíì sí ọjọ́ kan tó tẹ́ ẹ.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ déédéé. Ìdílé méjì fi wá sílẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣì ń ṣe póíǹtì. Ìdíje àkọ́kọ́ tí a gbà lálejò rẹ̀ wá débi pé àwọn òbí kan bú sẹ́kún lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, torí pé a kò ṣètò ẹni tó máa gbapò ẹni, àwọn mìíràn sì dúró láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Àwọn ọmọbìnrin ńlá kọ̀ láti wọ aṣọ orí ọ̀pá títí kóòṣì fi gbé aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ fi díje nígbà èwe rẹ̀ wá, tó sì fi ibi tí ìyá rẹ̀ ti lẹ̀ ẹ́ hàn wọ́n. Ọmọ méjì tó wà ní ìpele kẹwàá ní láti lọ sí ìdíje òkèèrè kí àwọn kóòṣì yunifásítì lè rí wọn, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀: ṣé àpò gbogbo wa ló máa gbé kóòṣì lọ nítorí ọmọ méjì? A pinnu pé ìdajì ni àpò máa gbé, àwọn ìdílé méjèèjì á gbé ìdajì yòókù. Ẹni kan kò tíì fara mọ́ èyí títí di òní, a ó sì tún un yẹ̀ wò kí ìgbà ìdíje tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ní ọdún kejì, ìdíje tó kẹ́yìn nínú márùn-ún yẹn, gbogbo ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ ló lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pín owó kóòṣì tí iye orí tó wà nínú ìwé bá iye ọmọ tó wà nínú gbọ̀ngàn mu.

Mo pe obìnrin yẹn nígbà tí a fọwọ́ sí ètò tuntun náà. Mo tọrọ àforíjì fún ìránnilétí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì sọ fún un pé àyè wà fún ọmọ rẹ̀. Ó dúpẹ́. Ó ní ọmọ náà ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń bẹ́ sínú omi ní iléèwé rẹ̀, pé kóòṣì ibẹ̀ fẹ́ràn bó ṣe ń ká ara nínú afẹ́fẹ́, pé òun kò ní fẹ́ tún fà á kúrò níbẹ̀. Ó béèrè aṣọ náà. Mo ní ọmọ kan ti ń wọ̀ ọ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun tú orúkọ tí òun fi òwú rán sí abẹ́ ọrùn rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti gbìyànjú, pé òwú náà le, bí mo bá fà á jù aṣọ á ya. Orúkọ náà ṣì wà níbẹ̀.